Orúnkún Ọkọ Mi àti Epo Ẹja

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé tí gbogbo Onitsha ń kọ́lé, ìjọba gbé ọkọ mi lọ síbẹ̀ láti máa bójú tó àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe. A gba yàrá méjì nínú ilé kan tí ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ọkọ mi kì í gbà pé nǹkan ń dun òun. Bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń dún bí igi gbígbẹ tó ń ṣẹ́, ó ní bàtà òun ni. Nígbà tí kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́, mo fà á lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì. Asipirín ni wọ́n fún un, èmi ni mo sì ń rí i pé ó lò ó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń rìn bí ọ̀dọ́kùnrin. Mo ń yangàn.

N kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀, tó wá kí wa láti Ọ̀yọ́, náà ń yangàn. Ó ti bá aládùúgbò wa dọ́rẹ̀ẹ́, àgbà obìnrin Ìgbò kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mama Nọ́ọ̀sì. Pijin ìyá ọkọ mi kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, ìyẹn sì tó wọn láti fi ṣòfófó gbogbo àdúgbò. Ó rí i tí Mama Nọ́ọ̀sì ń fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní epo ẹ̀dọ̀ ẹja, síbí kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì tọrọ ìgò kan. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀kùn tó bá ń han, epo ló ń fẹ́. Síbí ọbẹ̀ ló fi ń bù ú fún ọmọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọkọ mi kò lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀, kò sì lè sọ fún mi. Ó ń gbé e mì, ó ń jẹ ẹ̀pà lé e kí n má baà gbóòórùn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ń fá irùngbọ̀n, abẹ ge é díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó lo aṣọ ìnujú kan, ó lo èkejì, ó dé orí tówẹ̀lì mi.

"Kò tó nǹkan," ló ń wí.

Mo tún rí i pé apá rẹ̀ dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n nà. Mo sáré pe Mama Nọ́ọ̀sì. Ó tẹ aṣọ mọ́ ọn lágbọ̀n pinpin.

"Nna, which medicine you dey take?"

"Asipirín," ni mo bá a dáhùn.

"Epo ẹja," ni ìyá rẹ̀ dáhùn lẹ́yìn mi.

Èmi àti ìyá ọkọ mi wo ara wa. Ọkọ mi wo ilẹ̀.

Ó pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dá. Lọ́jọ́ kejì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní asipirín kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ìyẹn dájú. Àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura pé epo ẹja náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ń fi síbí ọbẹ̀ bù ú.

"Ọ̀gá," ó ní, "àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ lára yín, ẹ ò sì fi wọ́n mọ ara wọn."

Ó ní kó fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Apá rẹ̀ mọ́, àmọ́ orúnkún tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó wa, o ò rí i? Epo ló ń wò ó sàn," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ẹ má bínú, Màmá. Asipirín ni."

A jọ yíjú sí ọkọ mi pé kó dájọ́. Ó dìde, ó ní òun ń lọ wo ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe ní Nkwelle Ezunaka. Ọjọ́ ọlidé ni. Kò sí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀.