Èkùrọ́ Tó Ṣẹ́ Kù

Òórùn àdí tó ń hó lórí iná kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá mi n'Iléṣà la ti máa ń ṣe é, èéfín á bò wá, ara wa á dúdú bí ìdí ìkòkò. Àdí yẹn la fi rán àbúrò mi ọkùnrin níléèwé. Ìyàwó kejì bàbá mi ló bí i, òun nìkan náà ló sì bí kó tó kú. Àwa márùn-ún ni ìyá tèmi bí, èmi ni àkọ́bí. Ẹ̀yìn mi lọmọ náà ti dàgbà. Èmi ò rẹ́ni rán mi níléèwé ní tèmi. Wọ́n ní ta ni yóò máa pa èkùrọ́.

Bó bá ti dé lọ́sàn-án, á jókòó tì mí, á bu èkùrọ́ tí mo ti pa, á máa tò ó sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Pínpín ni olùkọ́ wọn ń kọ́ wọn nígbà náà. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, àwọn mẹ́rin ló fẹ́ pín in." Á pín in, á tún un pín, bí ẹyọ kan bá wá kù tí kò ṣeé pín, á jù ú sí mi lọ́wọ́. "Èyí tó ṣẹ́ kù, tiyín ni." Èmi á jù ú sẹ́nu, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé èmi àtọmọ yìí rí.

Ó kàwé, ó di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ábẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, oko kòkó kan lọ́nà Ìtagunmódì ló fi sílẹ̀, oko tí èmi àtàwọn ọmọ ìyá mi ti ń ro láti kékeré. Ẹbí pé jọ láti pín in. Ọ̀nà méjì la sì ń gbà pín ogún nílẹ̀ wa. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, iye ọmọ la ó wò, kálukú á mú tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, iye ìyá la ó wò. Ìyá kan, ìdí kan. Àgbà ẹbí bi wá pé èwo la fẹ́. Àbúrò mi dìde, ó ṣí fìlà. "Ìdí-igi ni kí ẹ jẹ́ ó jẹ́, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é. Kí orúkọ ìyá mi má baà parun nílé yìí." Omi bọ́ lójú mi. Mo rántí ìyá rẹ̀, bó ṣe kú láìrí i kó rìn.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ta ẹja ní Òṣogbo ló kùn pé, "Ṣé àwa márààrún la ó wá há ara wa mọ́ apá kan, kí ìwọ nìkan mú ìkejì?"

Àbúrò mi ọkùnrin fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n wa ti di onímọ̀ ìṣirò o. Iléèwé wo lẹ lọ?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Mo ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀, àbí ta ni yóò bá ọmọ aláìníyàá du ìdí ìyá rẹ̀?

Ìgbà tí a dé oko lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Wọ́n gbin pèrègún sáàárín. Apá ọ̀hún, ti òun nìkan, kòkó rẹ̀ lọ títí ojú ò tó o mọ́. Apá tiwa, a tún gé e wẹ́wẹ́ bí ẹran tí kò tó ó jẹ. Àwọn àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Kó má baà dìjà, mo ní kí wọ́n mú, èyí tó bá kù ni n ó mú. Àkùrọ̀ etí odò ló kù, níbi tí kòkó kì í yè.

Mo pe àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í bóyá ó ti mọ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn. Ó ń nu ẹrẹ̀ ara bàtà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ gbà. Mi ò fipá mú yín." Kò purọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́ yìí, o bi mí láàárọ̀ pé kí ni ìṣirò tí wọ́n fi ń yọ yín lẹ́nu níléèwé fẹ́ ṣe fún ọ bó o bá dàgbà. Má sọ létí mi mọ́ pé kò wúlò. Ó wúlò. Èmi ni mo pa èkùrọ́ tí ẹnì kan fi kọ́ ìṣirò. Ó mọ̀ ọ́n pín, kò ṣì í. Ó kàn ṣe bó ti máa ń ṣe láti kékeré ni: èyí tó ṣẹ́ kù, ó fi sílẹ̀ fún mi.