Òkun Kò Mọ̀nà Ṣakí

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nígbà tí ọmọ mi gbé fíìmù olówó ńlá kan wá sílé ní Ṣakí. Nínú rẹ̀, ayé gbóná, òkun ru sókè, ó sì gbé odindi ìlú mì. Ó dùn ún wò. Gbogbo wa ló pariwo.

Àbúrò mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu, rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Òkun ò mọ̀nà Ṣakí!"

Mo ní, "Ọ̀dá mọ̀ ọ́n o. Má tíì gbin gbogbo ẹ̀bù iṣu rẹ."

"Ẹ̀yin tíṣà! Ṣebí àkọ́rọ̀ ti rọ̀? Àsìkò tí bàbá wa ń gbìn ín náà nìyí."

Òótọ́ ló sọ, ó sì gbin gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àkọ́rọ̀ yẹn, òjò kò padà wá bọ̀rọ̀. Nígbà tí a tú ebè wò, ẹ̀bù ti jẹrà nínú ilẹ̀ gbígbóná. Kò sí ariwo, ẹnikẹ́ni kò sì sá. Àbúrò mi kàn jókòó sórí ebè ni. Kò ṣẹ́ ẹyọ ẹ̀bù kan kù sílé.

Fíìmù yẹn kò fi irú àjálù bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n: ẹ má dúró de ariwo, ẹ máa ṣẹ́ ẹ̀bù díẹ̀ kù.