Wọ́n Pe Tíṣà Káfíńtà Síta Lẹ́yìn Tó Ti Kú

Tíṣà Káfíńtà kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ikọ́ ló pa á. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ìjókòó ló fi ń sùn, nítorí bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, èémí rẹ̀ á há. Ọdún méjìlélógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ igi. Àwọn tó ń ṣàkóso ilé-ìwé náà gbọ́ nípa ikú rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Wọ́n panu mọ́.

Àwọn ọmọ mi ní èmi ni mo máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kúrò nílé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tún un kọ, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ sọ pé àníyàn àgbà ni. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi ná.

Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà, nínú yàrá kan ṣoṣo tí òjò ń jò. Nígbà tí yóò fi kan tiwa, ó ti di ilé-ìwé tí òbí ń fi yangàn. Kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ni wọ́n ń kọ́ wa. A ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé, ẹ̀ka àgbẹ̀, ti aránṣọ, ti orin, a sì ní ẹ̀ka káfíńtà. Lónìí, orúkọ gbogbo wọn ṣì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka káfíńtà nìkan ló ṣì ń mí nínú wọn, bí a bá lè pe irú èyí ní mímí. Àṣà ẹ̀ka náà ni pé kíláàsì tó bá ń jáde á kan tábìlì kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, wọ́n á sì gbẹ́ ọdún wọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ilé-ìwé wa, kó rá wọ abẹ́ tábìlì.

Kíláàsì kan náà lèmi àti olóògbé. Àpótí ìjókòó tí mo kàn fún ìdánwò, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, méjì péré ló ń kanlẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ, àníyàn lo fi kàn án, o ò fi ìṣó kàn án."

Òun ló bá mi gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tó di tíṣà, kò na ọmọ kankan. Á dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú pákó lọ ra á bọ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bá ibi tí kò dán. "Ibí nìyí. Padà síbẹ̀." Bí ọmọ náà bá ń ṣàwáwí, á ní, "Pákó kì í purọ́ o. Ìwọ lò ń purọ́ fún un."

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n máa fi ṣe àjọ̀dún. Pápá tó fẹ̀ tó báyìí wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́ káfíńtà ló wù wọ́n. Wọ́n gbé ògiri gbọ̀ngàn ti ògiri yàrá náà. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé eruku pákó jáde, bíríkì ni wọ́n fi dí wọn pa. Ilẹ̀kùn kan ló kù. Bí ọmọ mẹ́fà bá ti ń rẹ́ pákó lẹ́ẹ̀kan náà, eruku á dúró sójú afẹ́fẹ́ bí kùrukùru, kò ní ibi tó máa gbà jáde. Ẹni tó ya àwòrán gbọ̀ngàn yẹn, ṣé kò lójú ni? Àbí kì í mí?

Tíṣà kọ lẹ́tà. Fèrèsé méjì péré ló bẹ̀ wọ́n fún, kí wọ́n dá ògiri ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí pápá lu. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ láàárín ọdún mẹ́ta. Ìyá Ìbejì fi ẹ̀dà wọn hàn mí. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀: "A ti rí i." Nísàlẹ̀ ẹ̀kẹta, ẹnì kan fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Lẹ́yìn àjọ̀dún." Lẹ́yìn àjọ̀dún! Bí ẹni pé ẹ̀dọ̀fóró ń ka kàlẹ́ńdà.

Ó sọ fún èmi náà. Mo ní kó máa fi aṣọ bo imú.

"Mo ti ń bò ó. Àwọn ọmọ mọ́kàndínlógójì ńkọ́? Ṣé kí n máa bá wọn mí ni?"

Mo padà sílé, mo ń ṣàníyàn. Àníyàn mi ò sì dá ògiri kankan lu.

Ọjọ́ àjọ̀dún wá pé. Wọ́n ti tẹ ìwé ètò kí Tíṣà tó kú, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn alákòóso ti bá ara wọn mulẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ikú náà. Bẹ́ẹ̀ ni olóòtú ètò kò ṣe mọ nǹkan kan. Ó di makirofóònù mú, ó ní, "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Tíṣà Káfíńtà, ẹni tó ń kan ibùjókòó fún wa!" Orí àga ike tí wọ́n háyà ni gbogbo wa jókòó sí. Àtẹ́wọ́ dún. Ó tún pè é, "Tíṣà, ẹ má tijú, ẹ jáde wá!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Fáàrí ló ń ṣe. Ó fẹ́ ká bẹ òun."

Mo dìde, mo tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ.

"Ọ̀gá, ẹni tí ẹ ń pè yẹn ti kú."

"Bàbá, a mọ̀." Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ ò rí àlejò ni?"

"Ẹ mọ̀?"

"Lẹ́yìn àjọ̀dún la máa kéde rẹ̀, Bàbá. Ẹ lọ jókòó."

Ó wá gba makirofóònù. Ó ní Tíṣà wa gba àyè lọ sílé, ó ní kí òun kí gbogbo wa. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Èmi ńkọ́? Mo lọ jókòó. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín: mo lọ jókòó.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí Tíṣà ti kú. Àjọ̀dún ti lọ, àlejò ti lọ. Ìkéde tí wọ́n ṣèlérí ni bébà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Gbọ̀ngàn ńlá wà ní títì pa. Wọ́n ti fi tíṣà tuntun rọ́pò Tíṣà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo yọjú sí i, ó bi mí pé, "Bàbá, ta lèèyàn ń kọ̀wé sí níbí?"

Mi ò retí pé ohun tí mo kọ yìí yóò yí nǹkan kan padà. Wọ́n á kà á, bóyá wọ́n á tún lu òǹtẹ̀ sí i lára. Síbẹ̀ mo fẹ́ mọ ẹni tó di bírò pupa yẹn mú. Mo fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé yàrá tí ọmọ èèyàn ti ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n jáde, kí wọ́n dárúkọ ara wọn níwájú Ìyá Ìbejì. Kí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé má sì sọ fún wa pé àwọn ń wò ó, nítorí ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ọmọ mọ́kàndínlógójì yóò wọ yàrá náà, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ pákó. Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wọlé?