Ohun Tí Sẹ̀nàmi Ń Gbé Lọ Sílé

Bí ẹ bá gba iwájú ilé-ìwé wa kọjá ní Ìgàndó, ohùn Olúfúnmiláyọ̀ Dáramọ́lá lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà Prímárì Kejì ni, ohùn rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ògiri wà. Kíláàsì tí èmi náà ń kọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Tó bá ti kọ́ nǹkan tán, á gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, á bèèrè pé, "Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?" Àwọn ọmọ á pariwo pé, "À ń bá yín bọ̀, mà."

Gbogbo wọn ló ń dáhùn, àfi Sẹ̀nàmi. Ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀ kan ní Egan, ló mú un wá láti Kùtọnu lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì, kò la ẹnu rí. Á kàn tẹjú mọ́ tíṣà rẹ̀ ṣá. A ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ títí, kò yọjú. Ọ̀gá wa wá fi òté lé e: bí ọmọ náà kò bá sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé-ìwé àwọn odi ni kí wọ́n mú un lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Fúnmiláyọ̀ jẹun ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó fà mí dání lọ sí ilé Sẹ̀nàmi ní Egan. Mo ń kùn ní gbogbo ọ̀nà, torí bàtà mi àti ẹrọ̀fọ̀ àdúgbò yẹn kò rẹ́.

A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí a ti gbọ́ ohùn Fúnmiláyọ̀ nínú yàrá. Fúnmiláyọ̀ sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò la ẹnu. Orí mi wú.

A yọjú. Sẹ̀nàmi ló dúró níwájú ògiri, ó ń kọ́ni. Ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni, orúkọ àwọn ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ tí tíṣà wú láàárín, àti ohùn Èkìtì tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá sọ ọ́ ní Yorùbá tán, á túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ oníbàárà lórí itan, ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ọmọ náà gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?"

"Mò ń bá yín bọ̀, mà," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, n kò rí irú èyí rí. Omi ti lé ròrò sójú Fúnmiláyọ̀.

Bí ìyá náà ṣe rí wa, ó kúnlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Ègùn, ó sì fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ni Sẹ̀nàmi wí. Ohùn ara rẹ̀ nìyí, ó tín-ín-rín. "Màmá mi ní ẹ má bínú. Wọ́n gbọ́ pé ẹ ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ Yorùbá díẹ̀ sí i ná kí àwọn tó wá, kí ojú má baà tì mí. Wọ́n ní àwọn làwọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí ọ̀rọ̀ yín má baà dànù kí n tó délé."

Fúnmiláyọ̀ fa ìyá náà dìde. "Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní dànù."

Sẹ̀nàmi túmọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbà. Fúnmiláyọ̀ wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá bíi tàwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Ẹ máa kọ́ wa lọ, tíṣà," ló sọ fún ọmọ náà. "À ń bá yín bọ̀."