Agolo Fíìmù Tí Mo Fi Ṣe Tébù Turàrí

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú pálọ̀ mi ní Peckham níbí. Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá rántí, àyà mi ṣì máa ń já.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Mo ti kírun, mo ti da turàrí sórí èédú, ilé ń ta sánsán. Òyìnbó kan kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú fíìmù àtijọ́, Mama Winnie, aládùúgbò wa tó ń gbé lókè, ló sì ní kó wá wo ẹrù tí àwọn fi pamọ́ sọ́dọ̀ mi. Ó wọlé. Ó wo turàrí. Ó wo ohun tí mo gbé turàrí lé. Ojú rẹ̀ wá funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré!

Ó rọra ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé iná yẹn jáde, kí n má sáré, kí n má sì kọsẹ̀.

Mo kọ́kọ́ bínú. Mo rò pé òórùn turàrí ni kò bá a lára mu. Ṣé kì í ṣe ilé mi ni mo wà ni? Àmọ́ ó ti ṣílẹ̀kùn dè mí, ni mo bá gbé e jáde. Ìgbà tí mo padà ló ṣàlàyé pé fíìmù àtijọ́ ló wà nínú àwọn agolo tí mo fi ṣe tébù, pé irú fíìmù yẹn àti ẹ̀tù ìbọn, bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Tó bá gbiná, omi kì í pa á. Ooru lásán pàápàá lè ràn án.

Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa tébù ara rẹ̀?

Mama Winnie ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí ní hospital ní Lewisham, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú nǹkan ìyá àwọn. Agolo ni, pẹlẹbẹ, róbótó, wọ́n sì wúwo. Mo tò wọ́n léra, mo da aṣọ funfun bò wọ́n. Ẹ sọ òótọ́: èwo nínú yín ni kò ní gbé turàrí lé e?

Ọmọ Peckham ni ìyá Mama Winnie. Lottie Marden ni orúkọ rẹ̀. Fìlà obìnrin ló ń rán níbí kó tó bá àwọn oníjó kan wọkọ̀ ojú omi lọ sí America. Hollywood ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di Hollywood nígbà yẹn, fíìmù ò sì tíì máa sọ̀rọ̀. Nínú fíìmù tó ń ṣe níbẹ̀, wọ́n dè é mọ́ ojú irin, wọ́n jù ú sódò, wọ́n gbé e gun ẹṣin tí kò fẹ́ràn èèyàn. Mama Winnie ní ó lè fi ojú kan ṣoṣo sunkún, kí ìkejì máa wo kámẹ́rà!

Àfi ìgbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lottie la ẹnu, ohùn Peckham jáde. Àwọn ọ̀gá ní ojú ayaba ló ní, ṣùgbọ́n ohùn òǹtajà. Bó ṣe parí nìyẹn o. Ó kó agolo díẹ̀ dání, ó padà wálé, ó fẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Sydenham, ó sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá. Tó bá ní òun ti ṣe fíìmù rí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín. Mama Winnie fúnra wọn ò rí fíìmù náà rí, torí kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi wò ó.

Ọkùnrin fíìmù kó àwọn agolo náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó tutù, ó ní ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wọn yóò dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣé ẹ rò pé mo dáná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Alhaji, ọkọ mi, fẹ́ po tíì, mo gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Rukayat, ṣé a ṣì lè máa mí? Àbí èémí náà ti gbóná jù?"

"Ẹ máa mí, Alhaji. Ẹ ṣáà rọra mí."

Gàrí àti ẹ̀pà la jẹ sùn. Nígbà tí ọkọ̀ kó ẹrù náà lọ, mo dín dòdò ọpẹ́!

Mi ò mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Lẹ́yìn tí Mama Winnie ti padà sílé, ọkùnrin yẹn pè mí lórí fóònù pé fíìmù náà ò ní ìparí, pé agolo kan ò sí níbẹ̀. Mo tú gbogbo ilé wa. Mi ò rí nǹkan kan. Mo gòkè lọ bá Mama Winnie, mo béèrè bóyá agolo kan ṣẹ́ kù. Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

"Ojú ọjọ́ mà dára lónìí o."

Òjò ń rọ̀! Mo bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì omi gbígbóná wà nínú rẹ̀. Agolo náà ló wà lórí táǹkì, wọ́n fi súwẹ́tà wé e kí òtútù má baà mú ìyá àwọn. Yéè! Òkè ìrọ̀rí mi gan-an ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà!

Mo kọ́kọ́ pa táǹkì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbé e. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn kan nínú fíìmù tó lọ ti gbó, wọ́n ti di eruku. Wọ́n ní tí wọ́n bá ṣí èyí, tó sì ti di eruku, a jẹ́ pé ìyá àwọn ò sí mọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà ní dídé, inú ibẹ̀ ni ìyá àwọn wà.

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí ìyá tèmi kú, mo fẹ́ ti àpótí aṣọ wọn pa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní rárá, ẹ jẹ́ ká pín in, torí aṣọ inú àpótí, kòkòrò ló ń wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo rí àbúrò mi nínú ìró ìyá wa láàárín ọjà, ni mo bá pariwo, "Ìyá mi!" Gbogbo ọjà yíjú padà.

Mama Winnie wá kọjú sí mi.

"Ṣé ìró náà bá a mu?"

"Ó gùn jù fún un, Mama."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n pe ọkùnrin yẹn, àmọ́ ojú àwọn ló gbọ́dọ̀ ti ṣí i.

Ó dé, ó gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ìta nìkan lòun ti lè ṣí i. A gbé Mama Winnie sórí àga oníkẹ̀kẹ́, a tì wọ́n dé iwájú ilé nínú òtútù. Èmi lọ dúró sí ọ̀ọ́kán.

"Ìyá Rukayat," ni Alhaji ké, "ṣé o ti ń lọ sí Lewisham ni?"

Ọkùnrin náà ṣí i. Apá òkè ti lẹ̀ pọ̀, ó pọ́n bí ìpẹtà. Mama Winnie di ojú. Ọkùnrin náà rọra tú u síwájú, ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run, ó ní kí wọ́n wò ó. Mo gbàgbé ẹ̀rù, mo sún mọ́ wọn. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ, ó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú àwòrán kéékèèké, ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mama Winnie wò ó títí.

"Ọmọdé mà ni ìyá mi!"

Ọkùnrin fíìmù dé agolo náà padà, ó gbé e sínú àpótí tútù, ó lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sùn bí èèyàn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká béèrè ohun tó wà nínú ẹrù ká tó gbà á pamọ́, àti pé ohun tá a bá fẹ́ràn, ká má fi ìfẹ́ dáná sun ún. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti bá èèyàn tọ́jú rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ kà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ jókòó lé e lórí lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde ná!