Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Títì

Lásìkò Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, a kọ́ ilé ìwé ọ̀fẹ́ kan fún ọmọ àwọn apẹja létí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Èmi ni gbẹ́nàgbẹ́nà. Aṣojú ìjọba tó ń darí wa, ọkùnrin tí ẹrẹ̀ ò kan bàtà rẹ̀ rí, ní kí ilẹ̀kùn kọjú sí títì, kí ọ̀gá òun lè rí i látinú mọ́tò.

Apẹja àgbàlagbà kan bi í pé, "Kámárádì, ṣé orí títì ni ọmọ wa yóò máa tukọ̀ gbà?"

Àwa òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Aṣojú ní, "Bàbá, ojú ẹ̀yin ará omi ò tíì là." Ojú tirẹ̀ tó là, kò là kọjá mọ́tò ọ̀gá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé náà ń mu àgbà dé orúnkún. Síbẹ̀ mo kan ilẹ̀kùn síbi tí wọ́n ní, kí wọ́n lè pe èmi náà ní kámárádì, ẹni tiwọn.

Lọ́jọ́ tí a ṣí ilé ìwé náà, ọ̀gá ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó juwọ́, ó kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá dúró nínú ọkọ̀, wọ́n ń ti ojú fèrèsé gbé ọmọ wọlé. Ọ̀kan rí mi, ó ní, "Gbẹ́nàgbẹ́nà, o káre o!"

Mo lọ gbé ayùn mi, mo kọjú sí ògiri ẹ̀gbẹ́ omi.