Ọbẹ̀ Àpọ̀n Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Nígbà tí àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ mú mi, ìtọ̀ mi dùn débi pé gbogbo oyin tó wà láti Ìlóbì dé Ifọ̀nyìntẹ́dó ló pa òdòdó tì, tí wọ́n wá ń tò sẹ́yìn ilé mi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi àwọn oyin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló wà lọ́kàn mi, àbúrò kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà. Mi ò tíì dárí jì í, kò sì sí lára ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó kú.

Àwa àgbà márùn-ún, òun náà wà nínú wa, la jọ ń ṣe àáró: lónìí a ro oko tèmi, lọ́jọ́ mìíràn a ro tìẹ, olóko ni yóò sì bọ́ wa. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ olóko, ó tàbùkù rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin yìí mọ̀ dájú pé nọ́ọ̀sì ti ní kí n jìnnà sí ṣúgà. Nígbà tó kan oko rẹ̀, kí ló gbé ka iwájú wa? Gaàrí rẹpẹtẹ tí wọ́n fi omi tutù rẹ, tó ti da ṣúgà onígun tó gba Kútọnu wọlé sínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun."

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Háà! Ẹ gbọ́ o! Oúnjẹ mi ò tó Bàbá Oníṣúgà jẹ. Ẹni tí kò lè jẹun àáró, ṣé ó lè ro oko àáró? Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n, kí wọ́n lọ máa sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mu gaàrí yó, gbogbo wọn sì sùn lọ sábẹ́ igi. Oko ẹ̀gúsí mi ti ń di igbó. Bí wọ́n bá yọ mí, èmi nìkan ò lè ro ó. Mo jí wọn, mo ní, "Ẹ wá ro tèmi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá sinmi ṣáájú yín, ẹ yọ mí."

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló ti sọ fún mi pé kóró bí àpọ̀n àti ẹ̀gúsí dára fún irú mi, pé wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó fà mí létí: "Bàbá, oúnjẹ ni o, kì í ṣe oògùn. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀." N kò fi í sílẹ̀.

Ìyàwó mi lọ kóró àpọ̀n, ó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ sè é, ó gé ẹ̀bà kékeré fún oníkálukú.

"Ẹ̀bà ọmọ ìkókó rèé?" Ọ̀tá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Oúnjẹ olóko ni, àbúrò. Àbí o fẹ́ tàbùkù mi?"

Ó gbé e mì bí ẹni mu àgbo. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sùn. A roko títí oòrùn fi wọ̀, èmi ni mo síwájú. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ní, "Ẹni tó ń fi gaàrí kùn wá lóorun ló yẹ ká yọ. Àpọ̀n ni ká máa sè."

Ni ọkùnrin náà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó ń tọrọ kóró lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi gbẹ mọ́ ọn lágbọ̀n.

Irọ́ ni ti ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Èmi ni mo fi kún un. Ìyàwó rẹ̀ ló rán wá tọrọ kóró. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dúró sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo ṣì wà nínú àáró, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí rí.